Páwà páàkì, asẹ́ná, àti ìyàtọ̀ jẹ, gbé àti rù

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ èdè o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ láti ọjọ́ Ajé lórí ìbéèrè tí àbúrò wa ní Ẹ̀pẹ́ gbé wá, pé kí la máa pe àpótí irin kékeré ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yẹn, èyí tí wáyà NEPA ń wọ̀ tí wáyà rẹpẹtẹ sì ń jáde lára ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Àgbádárìgì ní ká pè é ní "ìpèsè agbára", ẹlòmíì ní "amúnáwá kékeré" ló dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ yìí sì ti kàn wá nínú ẹbí wa níbí ní Ìkòròdú, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ sọ ọ́ dáadáa.

Amúnáwá, jẹ́n nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Tí mo bá sọ nílé pé amúnáwá ti bàjẹ́, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa sáré lọ. Nǹkan tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí kì í mú iná wá láti ibì kankan, iná ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ìpèsè agbára" ní tiẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn tú lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, a sì ti ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn rédíò tipẹ́tipẹ́ pé ìjọba ń gbìyànjú lórí ìpèsè iná. Ẹ wá sọ fún ará Ògòlóńtò, àdúgbò wa níbí, pé ìpèsè agbára yín ti jóná, tìràǹsífọ́mà àdúgbò ló máa rò pé ẹ ń sọ, ó tiẹ̀ máa bi yín pé ta ló ń da owó àtúnṣe jọ. Ohun tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè é ni páwà páàkì, ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ń pè é nìyẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọmọ ọdún 19 ni, ó ń tò kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ní Agric níbí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ra àwọn nǹkan ẹ̀: bọ́ọ̀dù tokunbọ̀ tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́, prosẹ́sọ̀ AMD, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n kọ 65 wáàtì sí, káàdì àwòrán RX 580 tó jẹ́ tokunbọ̀ náà, èyí tó jẹ́ 185 wáàtì. Nígbà tó kù páwà páàkì nìkan, owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá ra èyí tó rọjú jù, wọ́n sì kọ 500W gàdàgbà sára ẹ̀. Bó ṣe gbé e délé ni ìyá ẹ̀ pariwo: "500 kẹ̀? Ṣé o fẹ́ jẹ káàdì iná mi tán ni? Lọ pààrọ̀ ẹ̀ sí 300!" Ọmọ ní, "Mọ́mì, ẹni tó tà á fún mi ní ó máa gbé e dáadáa." Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń ka nọ́ńbà kan náà, "jẹ" ni ìyá ń sọ, "gbé" ni ọmọ ń sọ, àwọn méjèèjì ló sì ṣì í.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kọ̀ǹpútà fi kú mọ́ ọn lójú níbi tó ti ń ta géèmù, yàrá sì ń rùn bí ìgbà tí wáyà áyọ́ọ̀nù bá jó. Wọ́n pè mí. Mo gbé páwà páàkì náà lọ sójú fèrèsé, mo fi ìka nu eruku kúrò lára bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo rí lẹ́tà wínníwínní tí ẹnikẹ́ni ò kà ní ṣọ́ọ̀bù: +12V, 16A. Ìṣirò ẹ̀ ò le, fóòtì 12 (V) lọ́nà áńpù 16 (A), 192 wáàtì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ láìnì 12 fóòtì yìí, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí iná ń gbà jáde lára páwà páàkì, gan-an ni káàdì àwòrán àti prosẹ́sọ̀ ti ń jẹun, 185 àti 65 sì jẹ́ 250. Èyí tó kù nínú 500 yẹn, orí láìnì 5 àti 3.3 ni wọ́n kó díẹ̀ sí, díẹ̀ míì ò sì sí níbì kankan, iná ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń kà kún un. Bọ́ọ̀dù náà bá a lọ. Owó oṣù mélòó kan ọmọ yẹn nìyẹn o, ó dùn mí gan-an.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé orúkọ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ máa jà sí, ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Yorùbá ní mẹ́ta tó dá yàtọ̀ kedere.

Jẹ: kọ̀ǹpútà ń jẹ iná, bí firíìjì ṣe ń jẹ ẹ́. Ohun tí mítà máa kà nìyẹn. Páwà páàkì 600 ò ní jẹ 600 nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀, ohun tí àwọn tó wà nínú kọ̀ǹpútà bá bèèrè ló máa fà.

Gbé: ẹ rántí bá a ṣe ń sọ pé "jẹ́n yìí ò lè gbé firíìjì". Ìgbà wo la máa ń sọ ọ́? Ìgbà tí firíìjì bá fẹ́ ta sí i ni, ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an, tí jẹ́n á kérora tí gílóòbù á sì rẹ̀wẹ̀sì. Gbé jẹ́ ti ìgbà díẹ̀.

Rù: ẹ lọ sí Ẹbutè, etí omi wa níbí, láàárọ̀ kẹ́ ẹ wo àwọn alábàárù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló lè gbé àpò gàrí kúrò nílẹ̀, ó di àyà, ó gbé e sókè, ó tán. Ẹni tó lè rù ú láti ìdí mọ́tò dé ìdí ọkọ̀ ojú omi láìsọ̀ ọ́, ẹlòmíì nìyẹn. Àwọn tó ń ta jẹ́n mọ èyí, nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń kọ sí i lára, èyí tó ga jù àti èyí tó lè máa bá lọ. Àwọn tó ń ṣe páwà páàkì olówó pọ́ọ́kú máa ń kọ èyí tó lè gbé gàdàgbà, wọ́n á fi èyí tó lè rù pamọ́ sínú lẹ́tà wínníwínní. Tí ọmọ yẹn bá ti ní "mélòó ló lè rù lórí láìnì 12?" lẹ́nu nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè yẹn nìkan ì bá ti gbà á.

Àwa ará Ìkòròdú ló tiẹ̀ yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Egbin, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe iná mànàmáná, wà nítòsí wa ní ọ̀nà Ìjẹ̀dè, ẹ̀rọ ńlá 6 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 220 mẹ́gáwáàtì, 1,320 ní àpapọ̀, láti nǹkan bí ọdún 1985 sì ni. Ẹni tó bá gbọ́ 1,320 á rò pé bẹ́ẹ̀ ló ń tú jáde lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ohun tó lè rù nìyẹn, ohun tó ń jáde dá lórí gáàsì tó rí àti ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ó kù orúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọmọ yẹn, ló fún mi lórúkọ o, ògì ló ń tà ní Sábó. Mo ń ṣàlàyé fún un pé iná ara ògiri ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 230 fóòtì, kọ̀ǹpútà ò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ èyí tó ń lọ tààrà, tó sì rọlẹ̀ dé 12, 5 àti 3.3. Mo ní kò sì sí páwà páàkì tó ń fún èèyàn ní gbogbo ohun tó gbà, tí kọ̀ǹpútà bá nílò 200 tí páwà páàkì sì jẹ́ ti 80 nínú 100, 250 ló máa fà lára ògiri, 50 á di ooru tí fáànù ń fẹ́ jáde. (Àmì 80 PLUS tẹ́ ẹ máa ń rí lára àwọn tó dáa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ohun tó ń sọ nìyẹn, pé nígbà tí wọ́n dán an wò, kò wálẹ̀ ju 80 nínú 100 lọ.) Ẹ̀gbọ́n mi kàn wò mí. Ó ní, "Asẹ́ nìyẹn nígbà yẹn. Ooru yẹn, èèrí ẹ̀ ni."

Ó tán. Asẹ́ná: asẹ́ tó ń sẹ́ iná. Èèrí iná: èyí tó kù nínú asẹ́ tí ò dé inú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń tún un ṣe náà sì ń pe kàpásítọ̀ ńlá tó máa ń wà nínú ẹ̀, èyí tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, ní fítà, ìyẹn "filter" ti Gẹ̀ẹ́sì, asẹ́ náà ni wọ́n ń sọ láìmọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní sẹ́ tún jẹ́ kéèyàn sọ pé òun ò mọ̀ nípa nǹkan. Òótọ́ ni, ohùn wọn tiẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n asẹ́ ti wà nílé ìdáná gbogbo wa kí kọ̀ǹpútà tó dé, orúkọ yẹn la lẹ̀ mọ́ iná, a ò ṣẹ̀dá ẹ̀ láti ara sẹ́ kejì. Ẹni tó bá sì ń bá a lọ pẹ̀lú páwà páàkì, mi ò bá a jà, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni òun náà ti dà lẹ́nu wa. Nígbà tí Bàbá Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀ ní 1970, ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọmọ lóye, èmi náà ò wá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ti ra òmíràn fún ọmọ náà, 450 ni wọ́n kọ sí i, mo ka bébà ẹ̀ kí n tó sanwó: 12 fóòtì, 37 áńpù, 444 wáàtì lórí láìnì yẹn nìkan. Ẹ̀gbọ́n wa ní Àgbádárìgì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí gbé àti rù, bóyá ní ìhà ọ̀dọ̀ yín ẹ̀ ń lò wọ́n bíi tiwa. Ìyẹn ló ká mi lára jù, orúkọ lè dúró.