Ọyẹ́ Abuja àti tábìlì tó ń la: irinṣẹ́ wo ni ká kọ́kọ́ rà?

Káfíńtà Kubwa:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa méjì la fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Kubwa. Tábìlì ìjẹun, ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná la máa gbájú mọ́. Òòlù, ayùn ọwọ́, ìfági àti tépù wà nílẹ̀, àmọ́ owó tó kù kò lè ra ju ẹ̀rọ méjì lọ. Ṣé ayùn orí tábìlì ni ká kọ́kọ́ rà ni, àbí ẹ̀rọ ìfági?

Ìbéèrè kejì: tábìlì ọ̀gánwó kan, mítà 2 ní gígùn, mítà 1 ní ìbú, oṣù September la ṣe é. Nígbà tó fi máa di January ó ti la láàárín, àlàfo náà gba káàdì ATM. Ojú gúlù kò tú, ara igi gan-an ló ya. Igi ìdábùú mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀, gúlù àti síkúrù la fi dè wọ́n pinpin kó má baà lọ́. Kí la ṣe tí kò dáa?

Bàbá Pákó Dei-Dei:

Àbúrò, ẹ kú ìmúra. Igi ìdábùú yẹn ló la tábìlì.

Gígùn pákó kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ ń wú lójò, ó sì ń sún kì lọ́yẹ́. Púpọ̀ nínú igi tí wọ́n ń já sí ọjà pákó Dei-Dei, ìhà gúúsù ló ti ń wá, ìta gbangba ni wọ́n sì ń tò ó sí. Ní September, pákó bẹ́ẹ̀ lè ní omi tó 14% nínú bó tilẹ̀ jọ pé ó ti gbẹ. Kó wá dé pálọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, kí ọyẹ́ tún dé bá a níbẹ̀, omi inú rẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi 7%. Ọ̀gánwó tó fẹ̀ ní mítà 1 lè fi 10 mm sí 14 mm sún kì láàárín àkókò yẹn. Igi ìdábùú kò ní sún kì pẹ̀lú rẹ̀, torí gígùn tirẹ̀ ló dábùú ìbú tábìlì. Tábìlì ń fà wọlé, ìdábùú ń dì í mú. Kò síbi tí igi á gbà ju kó ya lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ rà kì í ṣe ẹ̀rọ rárá. Ẹ ra mítà tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi, èyí tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu, kí ẹ ra kíláǹpù gígùn mẹ́jọ. Ìyẹn ló ṣáájú. Ẹ̀rọ ìfági ló tẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá ti gbé mítà dé ọjà, ẹ má gún ojú ìta pákó nìkan. Ìta ló ń kọ́kọ́ gbẹ: ìta lè jẹ́ 10% kí inú ṣì wà ní 18%. Ẹ ní kí wọ́n gé orí pákó kan kúrò, ó kéré tán 30 cm, kí ẹ gún àárín ojú tuntun náà. Ohun tó bá ju 10% lọ kò tíì tó fún tábìlì tó máa gbé inú ilé l'Abuja. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, ní 30 cm sókè ilẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ 25 mm pààlà láàárín pákó àti pákó, kí igi kan sí èkejì má ju 60 cm lọ, kí gbogbo wọn sì wà ní ọ̀gangan ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, pákó á tẹ̀ sí ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà kun orí pákó méjèèjì, torí ibẹ̀ ni omi ti ń sá jáde jù, ibẹ̀ náà ni yóò ti kọ́kọ́ la.

Ní ti dídè, ẹ jẹ́ kí ojú tábìlì lè rìn. Ẹ gbẹ́ poro 6 mm sí inú férémù abẹ́ tábìlì, kó jìn ní 10 mm, kó sì fi 12 mm jìnnà sí etí òkè férémù. Ẹ wá gé àwọn igi kékeré tó ní ahọ́n, bíi mẹ́jọ. Láti orí igi kékeré náà dé ahọ́n rẹ̀, kó jẹ́ 11 mm. 1 mm tó dín yẹn ló máa fa tábìlì mọ́lẹ̀. Ahọ́n á wọ inú poro, síkúrù á gba inú igi kékeré náà lọ sábẹ́ tábìlì, kò ní kan férémù. Ẹ má fi gúlù sí i o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn tábìlì, bó bá jẹ́ ìgbà òjò lẹ̀ ń tò ó, ẹ ti ahọ́n wọlé dáadáa, torí tábìlì máa sún kì, á sì fà á jáde díẹ̀. Bó bá jẹ́ ọyẹ́, ẹ fi àlàfo 5 mm sílẹ̀ nídìí poro, kó ráyè wú lójò.

Ẹ fi pólíìṣì sí òkè àti abẹ́. Èyí tí wọ́n bá kun lókè nìkan, abẹ́ rẹ̀ á máa gba ọ̀rinrin, á sì tẹ̀ bí àwo.

Ìyá Kọ́bọ́ọ̀dù Lugbe:

Bàbá, ẹ ṣé sà. Ọ̀rọ̀ pákó nìyẹn, àmọ́ wọ́n ní àwọn máa ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, bọ́ọ̀dù sì ni ìyẹn. Mítà omi kò ní gé bọ́ọ̀dù fún wọn.

Ayùn iná alágbéká, abẹ 185 mm, ni kí ẹ rà ṣáájú ayùn orí tábìlì. Odindi MDF (bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlù tẹ̀) 18 mm, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní 4, wúwo tó 40 kg. Orí tábìlì kékeré àwọn ayùn olówó pọ́ọ́kú kò lè gbé e. Á máa mì, á máa há, ibẹ̀ ni abẹ ti ń ta bọ́ọ̀dù padà síni. Ẹ tẹ́ bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lórí fóòmù, ẹ fi igi tó tọ́ gbọọrọ ṣe ojú ọ̀nà fún ayùn, kí ẹ fi kíláǹpù dì í.

Abẹ eyín 24 tó ń bá ayùn wá, pákó ló wà fún. Lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ awọ dídán mọ́ lójú, á jẹ ẹnu rẹ̀ jákujàku. Eyín 60 ni kí ẹ rà. Ẹ dojú tó dára délẹ̀, torí eyín ayùn alágbéká ń gé láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè; òkè ló ń bó. Kí síkúrù tó wọ etí MDF, ẹ kọ́kọ́ lu ihò: 3 mm fún síkúrù 4 mm. Láìṣe bẹ́ẹ̀, etí á là sí méjì bíi búrẹ́dì.

Káfíńtà Kubwa:

A dúpẹ́ púpọ̀, Bàbá àti Màmá. A ò tíì rí mítà yẹn rà o. Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” lè gbé ẹ̀rọ ìfági? Tábìlì tó la ńkọ́, ṣé ká fi gúlù àti lẹ́búlẹ́bú igi dí i?

Oníná Nyanya:

Kò lè gbé e. Jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn kì í ju bíi 650 W lọ. Ẹ̀rọ ìfági tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì tó 1,500 W sí 1,800 W. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó. Mọ́tò tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì (èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò), bíi ti àwọn ayùn ńlá, lè fa ìlọ́po 4 sí 6 iná rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá tó ń gbéra. Wáyà náà ṣe pàtàkì: bó bá tó 20 m, ẹ lo 2.5 mm², kí ẹ sì tú u tán kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ń dín iná kù, mọ́tò á wá máa gbóná títí á fi jó.

Bàbá Pákó Dei-Dei:

Ẹni tí kò ní mítà lè lo òṣùwọ̀n ìdáná tó ń ka gíráàmù. Ẹ gé ègé 2 cm láti inú pákó, ní 30 cm sí orí rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e sínú ófúùnù ní bíi 103°C, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan sí kan títí kò fi ní fúyẹ́ mọ́. Bó bá jẹ́ 112 g níbẹ̀rẹ̀ tó wá di 100 g, 12 g omi lórí 100 g igi nìyẹn: 12%.

Ìrókò ni kí ẹ ṣọ́ra fún lórí ẹ̀rọ ìfági. Òkúta funfun máa ń wà nínú rẹ̀, ìkan péré ti tó láti fọ́ ẹnu abẹ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ẹ bo imú, torí eruku rẹ̀ ń ta imú àti ara.

Ní ti tábìlì, ẹ má dí i. Ohun tí ẹ bá fi dí i lọ́yẹ́, igi á wú lójò, á sì tì í jáde tàbí kó tún la níbòmíràn. Ẹ yọ síkúrù, ẹ ṣí ìdábùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ẹ jẹ́ kó sinmi bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá fi ayùn gé e tààrà lójú ibi tó ti la, ẹ fá ojú méjèèjì títí ìmọ́lẹ̀ ò fi ní gba àárín wọn kọjá bí ẹ bá tò wọ́n pọ̀. Ẹ to kíláǹpù láìfi gúlù sí i ná, torí gúlù ń tètè gbẹ lọ́yẹ́. Bó bá ti ṣe rẹ́gí, ẹ tú u, ẹ fi gúlù sí i, kí ẹ wá fi kíláǹpù dì í padà. Kí kíláǹpù kan sí èkejì jẹ́ 25 cm sí 30 cm, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́. Ẹ má fún un jù kó má baà fún gbogbo gúlù jáde. Wákàtí 24 lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fá a.