Ọmọ mi tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ní pásítọ̀ lòun fẹ́ ṣe

Ìyá Ìbejì, Tankẹ́: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọkùnrin ti wà lọ́dún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Tí wọ́n bá ti fowó lé owó ilé-ẹ̀kọ́, òun ló máa ń ṣáájú àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́ ló wá bá mi ní kíṣíìnì, ó ní Ọlọ́run ti pe òun, pásítọ̀ lòun fẹ́ ṣe. Bàbá rẹ̀ ní ìjọ wo ló máa gba alátakò? Ẹ dákun, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí?

Bàbá Tíṣà, Òmù-Àrán: Ìyá wa, ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ Government ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, orúkọ Frank Chikane ti Gúúsù Áfíríkà kì í sì í wọ́n lẹ́nu mi. Yunifásítì kan ní Turfloop ló ti wọnú ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tako apartheid, ìjọba aláwọ̀ funfun tó ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ tó sì ń ni wọ́n lára. Ní 1977, ọlọ́pàá tì í mọ́lé, wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ẹni tó ń darí ìyà náà, díákónì ni nínú ìjọ tí Chikane fúnra rẹ̀ ń lọ, Apostolic Faith Mission! Mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ ní kíláàsì tí mo bá sọ débẹ̀. Síbẹ̀, ó gba oyè pásítọ̀ ní 1980. Bàbá ọmọ ò kúkú parọ́: lọ́dún kejì ni ìjọ náà dá a dúró nítorí òṣèlú.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ má gbàgbé ti májèlé, sà. Ní 1989, wọ́n fi í sára aṣọ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ló rí i pé májèlé ni. Ní 2006, Adriaan Vlok, tó jẹ́ mínísítà ọlọ́pàá ní 1989 yẹn, gbé Bíbélì àti abọ́ wá bá a ní ọ́fíìsì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sì gbà. Ọkàn tèmi ò tíì gbà á.

Ìyá Ìbejì, Tankẹ́: Mo kà á fún bàbá wọn. Ó ní kí n tún ti díákónì yẹn kà. Ṣé ìjọ náà gba Chikane padà?

Bàbá Tíṣà, Òmù-Àrán: Wọ́n gbà á, mà. Nígbà tí ẹ̀ka aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú parapọ̀ ní 1996, ó wà lára àwọn aṣáájú wọn.

Ìyá Ìbejì, Tankẹ́: Ẹ ṣé gan-an, sà. Bàbá wọn ń pe ọmọ náà lórí fóònù báyìí.