Ìdáhùn: "Akọ̀wákàtí" kẹ̀? Ta ló bí i?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń wa tírélà ní Amẹ́ríkà fi òfin wákàtí àwọn awakọ̀ ibẹ̀ tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ránṣẹ́ sí wa láná. Iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n ṣeun. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnì, tó jẹ́ dandan fún ọ̀pọ̀ wọn láti oṣù Kejìlá 2017, èyí tó ń kọ wákàtí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí táyà bá ti ń yí, òun ni ẹ̀gbọ́n pè ní "akọ̀wákàtí". Ohùn ìsàlẹ̀ orí "kọ" yẹn, níbo ló ti wá?

Wọ́n ní "akọ̀wé" làwọn wò ṣe é. Áà! "Ì" inú "ìwé" ló fi ohùn tirẹ̀ jogún fún "kọ" nígbà tí wọ́n pa á jẹ. Fáwẹ̀lì wo ni wọ́n pa jẹ lórí "wákàtí"? Bó bá sì jẹ́ "kọ̀" tá a fi ń kọ ìyàwó ni, òun náà á di "kọ" níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí "wà" ṣe di "wa" nínú "awakọ̀". Kò ní ìyá, kò ní bàbá. Mo kà á fún awakọ̀ kan ní gáréèjì tírélà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ó ní, "Wákàtí wo ni mo kọ̀?"

Àbúrò wa ará Ọ̀yọ́ ní ká yọ àmì náà, kó di "akọwákàtí". Ó sàn díẹ̀, àmọ́ ẹni tó kọ̀ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ á wá jọra. "Akọ̀wé wákàtí" ni kẹ́ ẹ wí, kí ìwé tó ni ohùn dúró tì í. Ẹni tó fẹ́ lé "wákàtí" lọ torí pé Lárúbáwá ni, ẹ bá mi bi í bóyá á lé àlùbọ́sà náà kúrò lọ́bẹ̀.

"Ìsinmi" ló dùn mí jù. Òfin yẹn ní kéèyàn kọ́kọ́ fi wákàtí 10 gbáko kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá ti wọṣẹ́, wákàtí 11 péré ló lè wakọ̀, kó sì tó pé wákàtí 14 tó ti wọṣẹ́. Tó bá ti wakọ̀ fún wákàtí 8, kó dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀gbọ́n pe 10 yẹn àti 30 yẹn ní ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ láti 2020, awakọ̀ lè fi ìṣẹ́jú 30 náà rọ epo tàbí kó ẹrù, kó ṣáà má ti wakọ̀. Ẹrù kíkó wá di ìsinmi?

Bàbá mi gbé obì lọ sí Jos nínú lọ́rì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá dé Jẹ́bà tí wọ́n ní "ẹ jẹ́ ká dákọ̀ dúró", mótò bọ́ì á bọ́ sílẹ̀ lọ wo táyà. Tí wọ́n bá ní "mo fẹ́ rẹjú", ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè wọ́n. Wọn ò kàwé, wọn ò sì da méjèèjì pọ̀ rí. "Ìdákọ̀dúró" ni ìṣẹ́jú 30 yẹn ń jẹ́. (Kì í ṣe ìdákọ̀ró o, tọkọ̀ ojú omi nìyẹn.)

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni lédè kí wọ́n tó bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ohùn ò mọ tíṣà. Wọ́n tún ní "sin" àti "mí" ló di "sinmi". "Mí" tá a fi ń mí, òkè lohùn rẹ̀; èmi ò tíì rí ẹni tó "sinmí" rí. Ìyẹn ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí "kọ".