Ẹ gbà mí o: ẹ́ńjìnì 1.8 ti wọ Civic 1998, MOT di ọ̀la

Dèjì (Coventry): Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mẹkáníìkì ti yọ ẹ́ńjìnì 1.4 inú Honda Civic mi, ó ti fi B18, ẹ́ńjìnì 1.8 ti Honda, rọ́pò. Ó ń fò! Ṣùgbọ́n ọ̀la ni MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, 1.4 ló sì wà nínú logbook, ìwé mọ́tò mi. Ṣé wọn ò ní gbẹ́sẹ̀ lé mọ́tò mi?

Bọ̀dá Wálé (Manchester): Fọkàn balẹ̀, àbúrò. Èéfín ni kó o bẹ̀rù. Mọ́tò tó ti wà lójú títì ṣáájú September 2002, ọjọ́ orí mọ́tò tàbí ti ẹ́ńjìnì, èyí tó bá dàgbà jù ni wọ́n á fi wọ̀n ọ́n. Kọ̀wé sí DVLA, iléeṣẹ́ tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, fi rìsíìtì ẹ́ńjìnì há a. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó o máa kọ sí wọn wà níbi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé gíà: nu ọ́ìlì ibẹ̀, tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ya fọ́tò. Èmi ò ya tèmi kí wọ́n tó dì í pa. Wọ́n tún tú u, mo tún sanwó. Owó orí mọ́tò á gòkè o, ìwọ̀n ẹ́ńjìnì rẹ ti kọjá ààlà 1549cc.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ ò dárúkọ ìnṣọ́ránsì! Bàbá wọn dákẹ́ lórí 1.6 tó kì bọ inú Corolla, ó lọ kọ lu Audi ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn oní-ìnṣọ́ránsì san ti alámọ́tò yẹn tán, wọ́n wá gbowó náà lọ́wọ́ wa. Corolla wa, wọn ò san kọ́bọ̀.

Fẹ́mi (Peckham, London): Ẹ má dẹ́rù bà á jàre. Kó gba MOT ná, kó tó pe àwọn oní-ìnṣọ́ránsì.

Ìyá Ìbejì: Kó wà á lọ láìsí ìnṣọ́ránsì?

Fẹ́mi: Ó kúkú ní!

Bọ̀dá Wálé: Ti 1.4 ló ní, 1.8 ló ń wà. Peckham, ẹ ṣe sùúrù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston): Bíréèkì ńkọ́, Dèjì? Mo ki V8, ẹ́ńjìnì ńlá, bọ pickup àtijọ́, mo fi bíréèkì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Gáréèjì aládùúgbò ló bá mi dá a dúró. Èmi ni mo ra ilẹ̀kùn tuntun fún un. Ẹ kó wá síbí ṣá, mọ́tò tó bá ti lé ní ọdún 24, wọn kì í yẹ èéfín rẹ̀ wò ní Texas.

Bọ̀dá Wálé: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa mọ́tò lọ ra búrẹ́dì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó sàn ju kí n san £12.50 owó èéfín mọ́tò kí n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi.

Bọ̀dá Wálé: London nìyẹn! Manchester ò gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fẹ́mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Fẹ́mi: Ẹ fi mí sílẹ̀. Òjò ló ń gba tiyín.

Ìyá Ìbejì: Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà mọ́tò l'Ékòó, nìkan ló yé mi. Ẹ́ńjìnì lórí kẹ̀kẹ́ ọmọlanke, ọmọ iṣẹ́ á máa pariwo "ẹ yà fún mi!", ẹ ó ti jókòó ti ẹ̀wà àgànyìn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Pẹ̀lú búrẹ́dì Agége! Háà, Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa mí.

Dèjì: Ẹ jọ̀ọ́… bíréèkì wo?

Fẹ́mi: Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àgànyìn gidi ní Leeds?