Amọ̀ tí mo pò mọ́ ike ń ṣe kókó: ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ti po amọ̀ mọ́ ike rí, ẹ dákun, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Polypropylene, irú ike kan, ni mo ń lò, pẹ̀lú ìdá 5 nínú 100 montmorillonite, irú amọ̀ kan, tí wọ́n ti fi èròjà ammonium tọ́jú kó lè bá ike pò. Iṣẹ́ àwọn ará Toyota ní Japan ló wọ̀ mí lójú: amọ̀ díẹ̀ báyìí ni wọ́n fi sínú nylon 6, irú ike mìíràn, tí ooru tó ń mú un tẹ̀ lábẹ́ ẹrù fi gòkè láti nǹkan bí 65°C dé nǹkan bí 150°C.

Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó le ju ike lásán lọ lóòótọ́, àmọ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ló ń dá péú. Mo gbé ojú ibi tó ti dá sí ìmọ́lẹ̀: kókó funfun kún ibẹ̀, bí àmàlà tí wọn ò rò dáadáa. Ìpele amọ̀ kan kò nípọn ju nǹkan bí nanometer 1 lọ (ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Ká ní wọ́n tú ká ni, ojú lásán ò ní rí wọn.

200°C ni mo fi pò ó. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi kún ooru, torí èròjà ammonium yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní àyíká ibẹ̀, ike mi sì ti ń pọ́n díẹ̀.

Ṣé kí n fi polypropylene tí wọ́n so maleic anhydride mọ́, èyí tó ń jẹ́ kí ike àti amọ̀ dìmọ́ra, kún un? Ìlọ́po mélòó amọ̀ ni kó jẹ́? Àbí kí n kọ́kọ́ dín amọ̀ kù sí ìdá 2? Ike tó kù lọ́wọ́ mi ò ju 300 giramu lọ.