Àbọ̀ ọ̀rọ̀ máìkì tí mo bèèrè: dynamic ni mo rà o

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ rántí pé mo bèèrè máìkì tí màá fi bẹ̀rẹ̀ voice-over (kíka ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún fídíò, ìpolówó tàbí ìwé) nínú yàrá mi n'Íbàdàn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kì í jẹ́ á gbádùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi condenser, irú máìkì tó máa ń gbé gbogbo ariwo àyíká, sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre. Samson Q2U ni mo rà, dynamic ni, ohùn ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa ń gbé jù, mo kàn ki USB ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà ni, mi ò ra interface (àpótí tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà) kankan, tó bá sì dọjọ́ tówó bá wà ó ní ojú XLR náà, ìyẹn ojú wáyà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ interface. Mo máa ń sún mọ́ ọn dáadáa, mo sì ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí "b" má baà máa bú gbàù.

Páálí ẹyin tí wọ́n ní kí n lẹ̀ mọ́ ògiri, kò ṣiṣẹ́ rárá, yàrá ṣì ń dún wọnwọn. Iwájú wọ́dìróòbù tí aṣọ kún ló gbà mí, àmọ́ ooru ibẹ̀, ẹ má bèèrè. Noise reduction (ohun tó ń dín ariwo kù) inú Audacity, ètò tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n tí mo bá ti lò ó jù, ohùn mi á dà bíi ti ẹni tó wà nínú agolo.

Jẹnẹrétọ̀ ló kù. Ariwo ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ àmọ́ ó ṣì ju -60 dB (òdiwọ̀n ariwo ẹ̀yìn) tí ACX, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbé ìwé àfetígbọ́ jáde, ní kò gbọdọ̀ kọjá lọ, torí náà òru ni mo ń ṣe tèmi.