Julie tàbí Kent: máńgòrò wo ni kí n gbìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin èso sílé. Lẹ́yìnkùlé wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn níbí, igi máńgòrò kan péré ni àyè gbà. Julie àti Kent ni ẹni tó ń ta ọmọ igi fi hàn mí. Igi Julie kì í ga púpọ̀, ìyẹn wù mí, torí ògiri aládùúgbò ò jìnnà. Àmọ́ òjò tètè máa ń fi àmì dúdú sára èso rẹ̀. Kent tóbi, kò sì ní okùn tó ń há séyín. Ṣé ó dùn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣá? Ìyá wa ò ka máńgòrò tí ò ta sánsán sí èso rárá! Ẹ̀yin tí ẹ ti ká méjèèjì nílé, èwo ló dùn jù? Ẹ má fi ti ọjà dá mi lóhùn o, àìpọ́n ni wọ́n ń ká ìyẹn.